Mẹ́dà Tí Kò Lórúkọ: Kí Ni Ògúndá Méjì Wí Nípa Akin?

Ẹ fa ìjókòó súnmọ́ mi. Ọ̀rọ̀ tòní gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ó kàn wá.

Ní ọjọ́ ọ̀sẹ̀ Ifá tó kọjá, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kí Ifá mi tán ni ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wọlé. Ìtòsí níbí ni wọ́n ti wá, níbi tí ọ̀nà Ìkòròdú sí Ṣágámù ti gba ara Ògíjó wa kọjá. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Àbọrú, àbọyè, Bàbá." Mo ní, "Àbọyè bọ ṣíṣẹ. Dìde, ọmọ mi." Ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀ kí mi, ṣùgbọ́n mo rí i lójú rẹ̀ pé kò sùn dáadáa.

Ọmọ náà tú aṣọ funfun kan tó ti pọ́n. Mẹ́dà ló wà nínú ẹ̀. Ìràwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́fà ni, àwọ̀ idẹ, adé ọba Gẹ̀ẹ́sì wà láàárín rẹ̀, wọ́n kọ "The Burma Star" sí i lára. Ó ní ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́, pupa ló wà láàárín, ṣùgbọ́n ọ̀já náà ti ń ṣí. Ó ní bàbá tó bí bàbá bàbá òun ló ni ín. Bàbá náà lọ sógun Burma nígbà ogun Hitler, ó sì bọ̀ láàyè. Inú àpótí pákó lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ti rí mẹ́dà náà nígbà tí wọ́n ń tún ilé ṣe.

Ìbéèrè méjì ló gbé wá. Àkọ́kọ́: ṣé àwọn lè gbé mẹ́dà yìí sí ojúbọ Ògún ilé wọn, nígbà tó jẹ́ pé irin ni, ogun ló sì ti wá? Ìkejì: ó ti gba fọ́ọ̀mù láti wọṣẹ́ ṣọ́jà. Ó ní, "Bàbá, ẹ wò ó, ẹ̀jẹ̀ akin ló wà lára mi. Mo fẹ́ gba tèmi náà. Kì í ṣe irú èyí o, èyí tó ga jù lọ ni mo fẹ́ gbà."

Ìyá rẹ̀ kò sọ nǹkan kan. Ó kàn ń wo ilẹ̀.

Mo gba mẹ́dà náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo yí i padà. Mo wá orúkọ bàbá náà lẹ́yìn rẹ̀, n ò rí i. Ó dán borokoto. Ọmọ náà rò pé ó ti pa rẹ́ ni. Rárá o. Kò sí níbẹ̀ rí. Nínú ogun yẹn, bí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe pín ìràwọ̀ Burma fún àwọn ọmọ ogun wọn nìyẹn, láìkọ orúkọ ẹnikẹ́ni sí i. Bí ẹ bá kó ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jọ sínú agbọ̀n kan, kò sẹ́ni tó lè mọ ti bàbá tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹlòmíì.

Èyí tí ọmọ yìí ń pè ní "èyí tó ga jù lọ" ńkọ́? Lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí bàbá ńlá rẹ̀ bá jagun, Victoria Cross lorúkọ rẹ̀. Ọbabìnrin Victoria ló dá a sílẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1856. Idẹ lásán ni wọ́n fi ṣe é, kì í ṣe wúrà. Ohun tí wọ́n kọ sí i níwájú kò ju "Fún Ìgboyà" lọ. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n a kọ ọjọ́ tí ẹni náà hùwà akin sí i, wọ́n a sì kọ orúkọ rẹ̀ àti ẹgbẹ́ ogun rẹ̀ sára irin tí ọ̀já gbà kọjá. Láti ìgbà náà títí di òní, gbogbo rẹ̀ kò tíì pé 1,400. Ẹ rántí èyí: ọ̀kan lórúkọ, ó lọ́jọ́, èkejì kò ní. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa ti bẹ̀rẹ̀.

Mo gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀, mo dá Ifá fún ọmọ náà. Ògúndá Méjì ló yọ.

Ẹ̀yin awo, ẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Odù tó fi Ògún ṣorúkọ ló jáde fún ọmọ tó fẹ́ lọ sógun. Òun náà gbọ́ "Ògún" nínú orúkọ odù, ojú rẹ̀ tàn, ó rò pé Ifá ti ní kóun máa lọ. Mo ní, "Fara balẹ̀. Odù kì í ṣe orúkọ rẹ̀ nìkan."

Ẹsẹ kan wà nínú Ògúndá Méjì tí gbogbo babaláwo mọ̀. N ò ní kì í níbí, ìtàn inú rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ. Ọ̀rúnmìlà bi àwọn òrìṣà léèrè pé èwo nínú wọn ló lè bá ẹni tó ń sìn ín rìnrìn àjò ọ̀nà jíjìn, títí kan òkun, láìpadà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣàngó ní òun lè ṣe é. Wọ́n bi í pé bó bá rìn títí tó dé Kòso ilé bàbá rẹ̀, tí wọ́n se oúnjẹ tó fẹ́ràn fún un ńkọ́? Ó ní bóun bá yó tán, òun á padà sílé òun. Wọ́n ní a jẹ́ pé kò lè bá a dé ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bi wọ́n lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ògún alára, akin àwọn akin, ní bóun bá dé Irè, tí wọ́n fún òun ní ajá, tí wọ́n fún òun ní ẹ̀wà àti ẹmu, òun á jẹ, òun á mu, òun á sun ìjálá padà sílé. Níkẹyìn, Orí nìkan ló kù. Orí nìkan ló lè bá ẹni lọ dókun, kó má padà. Ifá wá bi wá pé bí èèyàn bá kú, ṣebí wọ́n a kó ohun òrìṣà rẹ̀ kúrò nílẹ̀? Ta ni wọ́n gé orí rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó sin ín? Ohun gbogbo ló ń dá wa dá ọ̀nà. Orí ló ń báni wọ ibojì.

Mo ní, "Ọmọ mi, nígbà tí bàbá ńlá rẹ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Éṣíà, ta ló bá a lọ?"

Ó dákẹ́.

Nǹkan bí 90,000 ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló lọ sójú ogun ọ̀hún, ní ẹgbẹ́ ogun méjì tí wọ́n ń pè ní 81st àti 82nd Division. Ọmọ Nàìjíríà ló pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n ru ẹrù lórí gba inú igbó, wọ́n la odò, wọ́n gun òkè. Mélòó nínú wọn ló gba Victoria Cross? Ẹyọ kan kò sí. Kì í ṣe Burma nìkan o. Nínú gbogbo ogun tí ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà dúdú jà nínú ẹgbẹ́ ogun West African Frontier Force àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti Ìlà-Oòrùn, ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn kò gbà á rí. Àwọn ọ̀gá òyìnbó tó darí wọn gbà á. Àwọn tí wọ́n darí kò gbà á.

Ẹ má tíì bínú. Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe rí gan-an, torí babaláwo kì í fi ìbínú tú odù.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1914, ní Kamẹrúùnù, Butler, òyìnbó tó wà pẹ̀lú ẹgbẹ́ ogun Gold Coast, kó ọmọ ogun 13 wọ inú igbó kìjikìji. Wọ́n kọlu ọ̀tá tó tó 100, wọ́n lé wọn, wọ́n sì gba ìbọn arọ̀jò-ọta wọn. Ní oṣù kejì rẹ̀, òun nìkan lúwẹ̀ẹ́ kọjá odò tí ọ̀tá ń ṣọ́, ó lọ wo ibi tí wọ́n wà, ó sì padà. Nígbà tó wà nínú omi, ọta ba méjì nínú àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Wọ́n fún un ní Victoria Cross. Ó tọ́ sí i, n ò jiyàn. Ní 1916, ogun pa á ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà. Ṣùgbọ́n nínú ìwé tí wọ́n fi kéde àmì-ẹ̀yẹ náà, "ọmọ ogun 13" ni wọ́n pe àwọn tó kù. Nọ́ńbà ni wọ́n. Igbó kan náà ni wọ́n jọ wọ̀, ọ̀tá 100 náà ni wọ́n jọ kọjú sí. Ọ̀kan lórúkọ. Mẹ́tàlá jẹ́ nọ́ńbà.

Nínú ogun yẹn kan náà ni ọmọ Yorùbá kan ti lókìkí. Belo Akure ni wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, torí àṣà wọn nígbà náà ni kí wọ́n fi orúkọ ìlú ṣe orúkọ ìkẹyìn fún ṣọ́jà. Ó di sájẹ́ńtì méjọ̀. Ó gba DCM, wọ́n tún fún un ní ẹlẹ́ẹ̀kejì rẹ̀, ó tún gba Military Medal. Ọ̀gá òyìnbó kan, Downes, tó bá wọn jagun, kọ̀wé jáde ní 1919, ó sì yìn ín níbẹ̀. Ẹlẹ́ẹ̀mẹta ni wọ́n jẹ́rìí sí ìgboyà rẹ̀. Síbẹ̀ kò kan ti òkè pátápátá. Kódà DCM náà, irú kan wà tí wọ́n ṣe lọ́tọ̀ fún ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Kí ló fà á? Àmì-ẹ̀yẹ kì í dédé wá. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ rí ọ, ẹni náà gbọ́dọ̀ mọ̀wé kọ, wọ́n sì gbọ́dọ̀ gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ lókè. Ní Íńdíà, títí di 1911, òfin wọn kò gbà kí ọmọ Íńdíà gba Victoria Cross rárá. Wọ́n yí òfin padà. Kò ju ọdún mẹ́ta lọ, Khudadad Khan, ọmọ ilẹ̀ Punjab, dúró ti ìbọn rẹ̀ ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ́ọ̀mù nígbà tí gbogbo àwọn tó kù nídìí ìbọn náà ti kú, tí òun náà ti fara gbọgbẹ́. Ó gbà á. Ṣé ọdún 1911 ni ìgboyà wọ ara àwọn ọmọ Íńdíà? Ìgboyà ti wà tipẹ́. Ojú àwọn tó ń kọ̀wé ni kò tíì là.

Nítorí náà, ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní nìyí: mẹ́dà ń sọ nípa akin, ó sì ń sọ nípa ẹni tó fún un náà. Ẹni tí wọ́n bá fún, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ akin lóòótọ́. Ẹni tí wọn ò fún, ẹ má sọ pé kì í ṣe akin. Ojú ọ̀gá ogun lópin. Ojú Orí kò lópin.

Ọmọ náà wá gbó mi lẹ́nu, inú mi sì dùn sí i. Ó ní, "Bàbá, ṣé kò sí èèyàn dúdú kankan tó gbà á ni?"

Mo ní ó wà. Ohun tó wà níbẹ̀ gan-an ló yẹ kó o gbọ́. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún 1866, ní ilẹ̀ Gáḿbíà, Samuel Hodge, ọmọ erékùṣù Tortola, ọmọ ogun West India Regiment, gbé àáké. Ìlú olódi kan ni wọ́n fẹ́ gbà, Tubab Kolon lorúkọ rẹ̀. Ọta ń rọ̀ bí òjò. Ó fi àáké la odi náà, ẹnìkejì rẹ̀ kú, òun náà fara gbọgbẹ́, ṣùgbọ́n ó ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún gómìnà òyìnbó àti àwọn ọmọ ogun. Òun ni ọmọ ogun orí ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba Victoria Cross. Kò pé ọdún méjì lẹ́yìn náà tó fi kú.

Ó jẹ́ akin. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìdí odi yẹn. Ta ló wà nínú ìlú? Èèyàn dúdú bíi tirẹ̀ ni, tí ń gbèjà ilé wọn. Àwọn náà dúró ti odi wọn títí wọ́n fi wó o lé wọn lórí. Ọta bà wọ́n. Ta ló fún wọn ní mẹ́dà? Ta ló kọ orúkọ wọn sílẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n mú un súnmọ́ ilé. Ní oṣù Kẹta ọdún 1892, ní Toniataba, ní Gáḿbíà náà, William Gordon, ọmọ Jàmáíkà, rí ẹnu ìbọn tó yọ láti inú ihò odi, wọ́n dojú rẹ̀ kọ ẹ̀yìn ọ̀gá rẹ̀. Ó kígbe, ó ti ọ̀gá náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi ara rẹ̀ dí i. Ọta wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Kò kú, ó gba Victoria Cross. Oṣù méjì péré lẹ́yìn náà, ní oṣù Karùn-ún 1892 yẹn, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ẹ̀bá Ẹ̀pẹ́ wọ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ọmọ ogun West India Regiment wà nínú wọn, Haúsá wà nínú wọn, ará Ìbàdàn pàápàá wà nínú wọn. Ìbọn Maxim ni wọ́n fi pa àwọn èèyàn wa bí ẹni ń pa eṣú ní Ìmàgbọn. Àwọn tó dúró síwájú Maxim, tí wọn ò rí irú rẹ̀ rí, tí wọn ò sì sá lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ṣé ẹ mọ orúkọ wọn? Ní ilé tí wọ́n ti wá nìkan ni wọ́n ṣì lè mọ̀ ọ́n, bí wọ́n bá ṣì ń ki oríkì wọn.

Ẹ̀kọ́ kejì nìyí, òun ló sì le jù. Ìgboyà kì í ṣe gbogbo ìwà. Èèyàn lè láyà láti ṣe ohun tó dára, ó sì lè láyà láti ṣe ohun tí yóò bà á lọ́kàn jẹ́ títí ayé. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtàn Ògún, ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Irè. Ó ti ojú ogun dé, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Ó bá àwọn èèyàn níbi àpéjọ tí òfin kò gbà kí wọ́n sọ̀rọ̀. Ó kí wọn, wọn ò dáhùn. Ó gbé agbè ẹmu, ó ṣófo. Ó yọ idà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ́ wọn lórí. Ìgbà tí ojú rẹ̀ là tó mọ̀ pé ará ilé òun ni, ó ti pẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún débi pé ó wọlẹ̀ lọ. Kò sí òrìṣà tó láyà tó Ògún. Ìgboyà rẹ̀ náà ló fi pa ará ilé rẹ̀. Ìdí tí a fi ń da omi tútù sílẹ̀ fún Ògún nìyẹn, kí irin ó lè tutù.

Àwọn baba wa mọ èyí. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, àwọn Ẹ̀ṣọ́ wà, àádọ́rin ni wọ́n, akin ogun ni wọ́n. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹni ló ń múni dé ipò náà, kì í ṣe pé bàbá ẹni jẹ ẹ́. Ọgbẹ́ Ẹ̀ṣọ́ gbọ́dọ̀ wà níwájú, kò gbọdọ̀ wà lẹ́yìn. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n àwa náà ní Balógun tó kó ọmọ ọlọ́mọ lẹ́rú, a sì jẹ ẹ́ lóyè. Kí a má fi ìka bu òyìnbó nìkan. Oyè wa pẹ̀lú ti yin ìgboyà nígbà kan láìbéèrè ohun tó fi ṣe.

Ọmọ náà ní, "Bàbá, a jẹ́ pé ẹ̀tàn ni gbogbo ẹ̀?"

Rárá o. Àwọn baba wa ní yin-ni yin-ni, kẹ́ni ó ṣe míì. Ìlú tí kì í dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó fi ẹ̀mí rẹ̀ wewu, ọ̀la rẹ̀ kò ní rí ẹni dúró fún un. Mẹ́dà jẹ́ ọpẹ́. Gbèsè ni, ìlú ló jẹ ẹ́. Ó yẹ kí wọ́n san án, kí wọ́n sì san án dáadáa: mẹ́dà lọ́tọ̀, owó ìfẹ̀yìntì lọ́tọ̀, ìtọ́jú opó lọ́tọ̀. Ṣọ́jà tí wọ́n lẹ mẹ́dà mọ́ láyà, tó wá ń tò lórí ìlà nínú oòrùn nítorí owó ìfẹ̀yìntì, wọn ò tíì san gbèsè rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbèsè tí wọ́n jẹ ọ́ kò lè jẹ́ ohun tí wọ́n fi ń wọn ọ́. Bí wọn ò bá san án, ìtìjú ti ajigbèsè ni.

Ẹ tún wo ohun kan sí i. Bí ẹ bá ka ìtàn àwọn tó gba Victoria Cross, ẹ máa rí i pé kì í ṣe ẹni tó pa èèyàn jù ni wọ́n ń yìn nígbà gbogbo. Mẹ́ta péré ló gbà á lẹ́ẹ̀mejì láyé yìí. Dókítà ni méjì nínú wọn, Martin-Leake àti Chavasse, ohun tí wọ́n sì ṣe ni pé wọ́n jáde sínú ọta lọ tọ́jú àwọn tó gbọgbẹ́. Gordon fi ara rẹ̀ dí ẹlòmíì. Kódà àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ogun mọ̀ nínú ọkàn wọn pé ìgboyà tó dùn ún sọ jù ni èyí tó gba ẹ̀mí là.

Nítorí ogun Burma tí ọmọ yìí mú wá, mo sọ ìtàn Isaac Fadoyebo fún un. Ọmọ Èmùrẹ́-Ilé ni, nítòsí Ọ̀wọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ló wà nígbà tó wọṣẹ́ ṣọ́jà ní 1942. Òṣìṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn ni wọ́n fi í ṣe. Ní oṣù Kẹta 1944, létí odò Kaladan, àwọn ará Japan da ìbọn bò wọ́n. Wọ́n fọ́ itan rẹ̀. Òun àti David Kargbo, ọmọ Sàró, ni wọ́n ṣẹ́ kù láàyè nínú igbó. Àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan ní abúlé ibẹ̀, Shuyiman, fi wọ́n pamọ́, ó ń bọ́ wọn. Oṣù mẹ́sàn-án! Bí àwọn ará Japan bá mọ̀, wọ́n á pa á, wọ́n á pa aya rẹ̀, wọ́n á pa ọmọ rẹ̀. Kò mọ èdè wọn, kò jẹ wọ́n ní gbèsè kankan, ogun náà kì í ṣe tirẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó dé rí wọn. Fadoyebo padà sílé, ó kọ̀wé, ó gbó, ó kú ní 2012. Kí ó tó kú, oníròyìn kan gba lẹ́tà ìdúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ fún àwọn ọmọ Shuyiman.

Mo bi ọmọ náà pé, "Nínú ìtàn yìí, ta ni akin?"

Ó pẹ́ kó tó dáhùn. Ó ní, "Àgbẹ̀ yẹn ni, Bàbá."

Mo ní, "Mẹ́dà wo ni wọ́n fún un?"

Ìgbà yẹn ni ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ gbójú sókè.

Mo wá dáhùn ìbéèrè rẹ̀ àkọ́kọ́. Ojúbọ Ògún gba irin tí èèyàn fi ṣiṣẹ́: ọmọ owú alágbẹ̀dẹ, ìbọn ọdẹ, ọkọ́ àgbẹ̀, spánà mẹkáníìkì. Ohun tí òógùn rẹ ti dà sí lára ni Ògún mọ̀. Mẹ́dà kì í ṣe irin iṣẹ́, ẹ̀rí ni, ẹlòmíì ló sì jẹ́ ẹ. Ẹ má gbé ẹ̀rí ẹlòmíì sí ojúbọ, kí ọmọ yín má baà bẹ̀rẹ̀ sí í bọ adé ọba Gẹ̀ẹ́sì láìmọ̀. Ẹ má sì sọ ọ́ nù. Ẹ wá aṣọ tó mọ́ fún un, ẹ gbé e sáàárín ilé níbi tí àwọn ọmọdé á ti máa rí i, kí wọ́n lè máa béèrè ẹni tó ni ín. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń bọ bàbá yín, ẹ pe orúkọ rẹ̀. Orúkọ tí wọn ò kọ sí i lẹ́yìn, ẹnu yín ni kó máa kọ ọ́.

Mo bi wọ́n pé kí ni bàbá náà ṣe lógun? Wọn ò mọ̀. Ìyá náà ní ìyá àgbà kan ló kù nílé, ọmọ bàbá náà gan-an ni. Ohun kan ṣoṣo tó máa ń sọ nípa bàbá rẹ̀ ni pé láti ọjọ́ tó ti dé, kò jẹ́ kí wọ́n pa adìyẹ lójú òun mọ́. Bí wọ́n bá ti gbé ọ̀bẹ, á mú ọ̀pá rẹ̀, á lọ jókòó sẹ́yìnkùlé títí wọ́n á fi ṣe tán. Bí ọdún dé, bẹ́ẹ̀ ni. Bí wọ́n bá ń ṣàríyá, bẹ́ẹ̀ ni. Ará ilé ń fi í rẹ́rìn-ín pé ṣọ́jà ń bẹ̀rù ẹ̀jẹ̀ adìyẹ.

Ọmọ náà di mẹ́dà mú, kò rẹ́rìn-ín.

Ti ìbéèrè kejì, ẹ̀yin òbí, ẹ fetí sílẹ̀. Babaláwo kì í yan ọ̀nà fún ọmọ ọlọ́mọ. Ifá kò ní kó má lọ, kò sì ní kó lọ. Ifá ní kó bọ Orí rẹ̀, kó fi obì àti omi tútù bọ ọ́, kó sì ṣe é lọ́jọ́ méje kó tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù. Ohun tí mo fi kún un nìyí: bó bá jẹ́ nítorí kí wọ́n lè lẹ nǹkan mọ́ ọ láyà lo ṣe fẹ́ lọ, dúró sílé, torí ó ṣeé ṣe kí o ṣe ohun akin kó má sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ tó máa rí i, ọkàn rẹ á sì bàjẹ́. Bó bá jẹ́ nítorí kí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ lè délé lo ṣe fẹ́ lọ, a ó máa bá ọ tọrọ. Kí o tó lọ, béèrè lọ́wọ́ ara rẹ: bí wọ́n bá rán ọ lọ wó odi ilé ẹlòmíì, ṣé o láyà láti sọ pé rárá? Kò sí mẹ́dà fún ìyẹn. Nígbà mìíràn, ẹ̀wọ̀n ló wà fún un. Ìyẹn náà ìgboyà ni, Orí sì ń rí i.

Ó ní, "Bàbá, èyí le o."

Mo ní, "Ó le. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé orí la fi í dá a yàn."

Wọ́n dúpẹ́, wọ́n lọ. Mo rí wọn títí wọ́n fi dé etí títì, ìyá ń sọ̀rọ̀, ọmọ tẹ orí ba. N ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Ní ọjọ́ karùn-ún, ọmọ náà pè mí lórí fóònù. Kò sọ ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù. Ó ní òun ti lọ bá ìyá àgbà yẹn, òun bi í ní oríkì bàbá rẹ̀. Ìyá àgbà kọ́kọ́ ní òun ti gbàgbé. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki í, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó kì í títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọmọ náà ní òun gbà á sílẹ̀ sórí fóònù òun, àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà kò yé òun. Ó bẹ̀ mí pé ṣé òun lè mú un wá ká jọ tú u.

Mo ní kó máa bọ̀ ní ọ̀sẹ̀ Ifá tó ń bọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ní irú mẹ́dà bẹ́ẹ̀ nínú àpótí nílé, ẹ yí i padà, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bí kò bá lórúkọ, ẹ wá ẹni tó ṣì mọ orúkọ náà kí ilẹ̀ ó tó ṣú.

Ifá á gbè wá o. Orí wa kò ní padà lẹ́yìn wa. Àṣẹ.